Kọ́nẹ́ẹ̀lì Ọláwuyì àti Omi Àkọ́rọ̀ Ilé Àlájà Sàrátù

Kò sí ará Ìsẹ̀dó kan ní Ìlá-Ọ̀ràngún tí kò lè sọ ìtàn ọjọ́ ìkómọ Kàdíjátù, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ìdajì àwọn tó ń sọ ọ́ kò sí níbẹ̀. Áfáà ti ṣe àdúà tirẹ̀ tán, ó ti pe orúkọ sí ọmọ létí, ó wá ku kí àwọn àgbà ilé fi omi, iyọ̀ àti oyin tọ́ ọmọ lẹ́nu wò. Àlájà Sàrátù, ìyá ìyá ọmọ, ló gbé igbá omi dání. Ó na igbá náà sókè, ó ní, "Omi rèé o. Omi kò lọ́tàá."

Kí àwọn èèyàn tó ṣe àmín, Kọ́nẹ́ẹ̀lì Ọláwuyì ti dìde lórí àga tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ògiri. Dókítà ológun tó ti fẹ̀yìn tì ni, ilé rẹ̀ ló dojú kọ ilé Àlájà. Ó yọ ìpọnbẹ̀ tánganran funfun kan ní ẹ̀gbẹ́ bẹ́líìtì, ó bu omi inú igbá náà, ó gbé e sí oòrùn, ó wá bẹ̀rẹ̀ sí í kà á jẹ́jẹ́ bí ẹni ń ka ọmọ ogun lórí ìlà. Ó ka ọ̀kan, ó ka méjì, ó kà á dé mẹ́fà. Tanwíji mẹ́fà, ọmọ ẹ̀fọn tí kò tíì hu ìyẹ́, ló ń jó nínú ìpọnbẹ̀ náà níṣojú gbogbo àwọn àna.

Àwọn èèyàn wo Àlájà. Àlájà wo Kọ́nẹ́ẹ̀lì. Ó ní, "Dókítà, ṣé o ò gbọ́ mi ni? Mo ní omi kò lọ́tàá."

Kọ́nẹ́ẹ̀lì tẹ orí ba, nítorí ọdún méjì ni Àlájà fi jù ú lọ, bí ìràwọ̀ èjìká èèyàn sì ti wù kó pọ̀ tó, ẹ̀gbọ́n ni ẹ̀gbọ́n ń jẹ́. Ó ní, "Òótọ́ lẹ sọ, ẹ̀gbọ́n mi. Èmi náà ò bá omi ṣọ̀tá. Àwọn ayálégbé inú rẹ̀ ni mo wá lé jáde."

Áfáà rẹ́rìn-ín títí láwàní fi fẹ́rẹ̀ẹ́ bọ́ lórí rẹ̀. Wọ́n da omi náà nù, wọ́n sáré lọ ra omi inú ọ̀rá lọ́nà, òun ni wọ́n fi parí ìkómọ. Títí di òní, bí Kàdíjátù bá ṣe orí kunkun, Àlájà kì í na ọmọ náà. Á ní kì í ṣe ẹjọ́ rẹ̀, omi ọ̀rá ni wọ́n fi sọ ọ́ lórúkọ.

Kí ẹ má tíì dá Àlájà lẹ́bi o. Omi tó gbé jáde lọ́jọ́ náà kì í ṣe omi lásán. Láti ayé bàbá bàbá rẹ̀ ni wọ́n ti máa ń gbé àmù kan sábẹ́ ọ̀ṣọ̀ọ̀rò ilé wọn bí òjò àkọ́rọ̀ bá ti ṣú. Omi àkọ́rọ̀ yìí, ẹnikẹ́ni kì í mu ún, ẹnikẹ́ni kì í fi fọṣọ. Ẹ̀yìnkùlé ló máa ń wà títí ọdún fi máa yí po, òun sì ni wọ́n fi ń sọ gbogbo ọmọ tí wọ́n bá bí lọ́dún náà lórúkọ, yálà ọmọ inú ilé ni o tàbí ọmọ aládùúgbò. Ọmọ tí kò bá kan omi náà, wọ́n ní àlejò ló máa jẹ́ nínú ilé. Ohun tó wá ń dun Àlájà nìyẹn. Ọmọ ọmọ rẹ̀ ti di àlejò, ọ̀rẹ́ ìgbà èwe rẹ̀ ló sì fi ìpọnbẹ̀ sọ ọ́ dà bẹ́ẹ̀.

Rẹ̀mílẹ́kún Ọláwuyì lo ọdún méjìlélọ́gbọ̀n nínú iṣẹ́ ológun. Ó ti rí ìbọn, ó ti rí bọ́ǹbù, ṣùgbọ́n bí ẹ bá bi í pé ọ̀tá wo ló pa àwọn ọmọ ogun òun jù, á na ìka sókè, á ní kí ẹ dákẹ́ díẹ̀, ẹ máa tó gbọ́ ohùn rẹ̀ létí yín. Nígbà tó padà wálé, àwọn èèyàn rò pé á ra oko kòkó, tàbí kó máa wá oyè kiri. Kò ra oko, kò sì wá oyè. Ó ra fèrè.

Ní gbogbo òwúrọ̀ Sátidé, bí aago méje bá ti lù, fèrè á dún. Kọ́nẹ́ẹ̀lì á wọ ṣòkòtò kákí péńpé rẹ̀, á so ìpọnbẹ̀ mọ́ ibi tí ìbọn ìléwọ́ máa ń wà tẹ́lẹ̀, á wá máa wọ ẹ̀yìnkùlé kiri. Agolo mílíìkì, èèpo àgbọn, kòtò àgbàrá, kòkò tó ti fọ́, kò sí èyí tí kì í yọjú wò. Ẹni tí omi bá dúró ní ilé rẹ̀ á dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ omi náà ní atẹ́nṣọ̀n, bó jẹ́ ìyàwó, bó jẹ́ baálé. Bàbá kan tó ti lé ní ọgọ́rin ọdún bi í léèrè pé ṣé kí òun náà dúró ni. Kọ́nẹ́ẹ̀lì ní rárá o, kí bàbá jókòó, ṣùgbọ́n kí wọ́n jókòó ní atẹ́nṣọ̀n.

Ó kan pátákó dúdú kan mọ́ iwájú ilé rẹ̀, ó kọ ọ́ sí i pé: Iye ọjọ́ tí ibà kò tíì mú ẹnikẹ́ni ní òpópónà yìí. Abẹ́ rẹ̀ ló máa ń fi ṣọ́ọ̀kì kọ iye ọjọ́ náà sí ní àárọ̀ àárọ̀. Bí ara ẹnìkan bá gbóná, á gún un níka, á kán ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ sórí ike kékeré tí wọ́n fi ń yẹ ibà wò. Bí ìlà kan bá yọ, á kí onítọ̀hún kú oríire. Bí ìlà méjì bá yọ, á fún un lóògùn, á wá lọ nu pátákó, á kọ òdo. Ohun kan ṣoṣo ló ń wá láyé: kí òjò ọdún kan, láti àkọ́rọ̀ títí ọyẹ́ fi máa fẹ́, kọjá láìsí ẹni tí ibà dá dùbúlẹ̀ láàárín wa. Ó ní bí òun bá ti rí i lẹ́ẹ̀kan péré, ó tó.

Lọ́dún àkọ́kọ́, pátákó náà kò kọjá ọjọ́ mọ́kànlá.

Ẹni tí ọwọ́ kọ́kọ́ tẹ̀ ni Àlàbí tó ń lẹ táyà ní ìkóríta. Ogún táyà àlòkù ló kó jọ sẹ́yìn ṣọ́ọ̀bù, òjò sì ti rọ sínú gbogbo wọn. Kọ́nẹ́ẹ̀lì kì ìpọnbẹ̀ bọ inú àkọ́kọ́, ó wò ó, kò tilẹ̀ kà á. Ó kó gbogbo táyà náà sínú ọmọlanke lẹ́yọ lẹ́yọ, ó tì wọ́n mọ́ gàráàjì rẹ̀, ó sì kọ "Àtìmọ́lé" sí ara ilẹ̀kùn. Ní ọjọ́ kẹta, Àlàbí wọ aṣọ mọ́ṣáláṣí rẹ̀, ó gbé páńpù ìfẹ́táyà dání, ó lọ kan ilẹ̀kùn Kọ́nẹ́ẹ̀lì. Ó ní òun gbọ́ pé wọn kì í fún ẹlẹ́wọ̀n ní atẹ́gùn dáadáa, òun wá fẹ́ díẹ̀ sí wọn lára.

Kọ́nẹ́ẹ̀lì kò rẹ́rìn-ín. Ó gbé àga sábẹ́ igi máńgòrò, ó dá kọ́ọ̀tù ológun sílẹ̀ lójú ẹsẹ̀. Òun ni adájọ́, òun náà ni ẹlẹ́rìí, Àlàbí ni lọ́yà àwọn táyà. Ìdájọ́ tó dá ni pé kí wọ́n dá àwọn ẹlẹ́wọ̀n sílẹ̀, ṣùgbọ́n kí Àlàbí fi irin gbígbóná lu ihò mẹ́ta mẹ́ta sí ìdí ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn, kí omi má lè dúró nínú wọn mọ́. Àlàbí dọ̀bálẹ̀ gbalaja. Ó ní, "Dókítà, ẹ jọ̀ọ́, ẹ wo ọ̀rọ̀ yìí dáadáa. Láti ogún ọdún ni mo ti ń dí ihò jẹun." Ó lu àwọn ihò náà ṣá o, ó sì ń mí kanlẹ̀ lórí ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn.

Ní ọdún kejì, pátákó dé ọgọ́ta, ó dé àádọ́rùn-ún, Kọ́nẹ́ẹ̀lì sì bẹ̀rẹ̀ sí í rìn bí ẹni tí wọ́n fún ní ìràwọ̀ kún ìràwọ̀. Kò mọ̀ pé ìtìjú ló ń ṣiṣẹ́ náà. Kò sí ẹni tó fẹ́ kó jẹ́ pé ilé òun ni òdo ti wá. Bí orí bá ti ń fọ́ ọmọ, ìyá rẹ̀ á gbé e sórí ọ̀kadà, ó di ọ̀dọ̀ ẹbí ní Òkè-Ìlá, ibẹ̀ ni ọmọ ti máa ṣàìsàn, ibẹ̀ ló ti máa gbádùn. Ọ̀rọ̀ náà tú nígbà tí nọ́ọ̀sì kan tó bá Kọ́nẹ́ẹ̀lì ṣiṣẹ́ rí pè é lórí fóònù láti Òkè-Ìlá. Ó kí i tọ̀wọ̀tọ̀wọ̀, ó wá bi í léèrè pé kí ni àwọn ṣẹ ará Ìsẹ̀dó tí wọ́n fi ń kó ibà wọn wá bá àwọn.

Kọ́nẹ́ẹ̀lì nu mẹ́rìndínlọ́gọ́rùn-ún kúrò lójú pátákó. Ó fi ọ̀rọ̀ mẹ́ta kún èyí tó wà níbẹ̀: "Tàbí ní Òkè-Ìlá."

Àkókò yẹn náà ni ìjọba pín nẹ́ẹ̀tì. Gbogbo ilé gba tiwọn, Kọ́nẹ́ẹ̀lì sì dúró tì wọ́n, ó ń tẹnu mọ́ ọn pé nẹ́ẹ̀tì kan fún ibùsùn kan, kò sí ẹ̀kúnwọ́ fún ẹnikẹ́ni, òun náà kò ní gbà ju ẹyọ kan lọ. Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ kan, ó gba ẹ̀yìn ilé Àlájà kọjá lọ sí orí àpáta tí àwọn obìnrin ti ń sá láfún, nítorí láfún ni Àlájà ń tà. Láfún funfun báláú ló tẹ́ lórí àpáta, nẹ́ẹ̀tì mẹ́rin tó mọ́ tónítóní ló bò ó mọ́lẹ̀, adìyẹ méjì sì dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́, wọ́n ń wò ó tìyanu tìyanu.

Kọ́nẹ́ẹ̀lì ní ṣé Àlájà mọ̀ pé orí ibùsùn ni nẹ́ẹ̀tì ń gbé. Àlájà ní òun mọ̀. Kọ́nẹ́ẹ̀lì ní kí ló wá dé tí láfún fi sùn sínú rẹ̀, tí àwọn ọmọ inú ilé sùn síta. Àlájà tún gèlè rẹ̀ wé kó tó dáhùn. Ó ní, "Rẹ̀mí, ẹ̀fọn á jẹ mí, á yó, á lọ. Adìyẹ ò lè yó."

Ológun kì í sá fún ìṣòro. Ó lọ tú àpótí rẹ̀, ó gbé àwọ̀n ńlá kan jáde, èyí tí àwọn ológun fi ń bo ọkọ̀ mọ́lẹ̀ kí ọ̀tá má bàa rí i láti òkè, tó ní àwọ̀ ewé àti àwọ̀ erùpẹ̀ lára. Ó fi gba pààrọ̀ nẹ́ẹ̀tì mẹ́rin náà, Àlájà sì dúpẹ́. Adìyẹ kankan kò rí láfún náà mọ́ lóòótọ́. Ṣùgbọ́n àwọn oníbàárà tó wá láti Ọ̀rà àti Ire náà kò rí i. Odidi ọ̀sẹ̀ kan ni wọ́n fi ń gba iwájú àpáta náà kọjá, wọ́n ń sọ pé ó ṣe, ọjà Àlájà ti kú.

Gbogbo ìyẹn, eré ni lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọ̀rọ̀ àmù. Àmù àkọ́rọ̀ nìkan ni omi tó kù ní òpópónà wa tí ìpọnbẹ̀ Kọ́nẹ́ẹ̀lì kò lè pàṣẹ fún. Bí fèrè bá ti dún ní Sátidé, Àlájà á gbé àpótí ìjókòó síwájú àmù, á kẹ̀yìn sí i, á mú tẹ̀súbáà, á bẹ̀rẹ̀ sí í kà á. Kọ́nẹ́ẹ̀lì á dúró. Á wo ojú ọ̀run, á wo aago ọwọ́ rẹ̀. Tẹ̀súbáà kan kò ní tán kí òmíràn tó bẹ̀rẹ̀. Nínú gbogbo ẹ̀kọ́ tí wọ́n kọ́ ọ nínú iṣẹ́ ológun, wọn kò kọ́ ọ bí wọ́n ṣe ń lé ẹ̀gbọ́n ẹni kúrò nídìí àdúà.

Lẹ́yìn náà ni ibà mú Kàdíjátù. Ọmọ ọdún méjì àbọ̀ ni nígbà náà. Ara rẹ̀ gbóná láàárọ̀, nígbà tó fi máa di ọ̀sán gìrì ti dé sí i. Kọ́nẹ́ẹ̀lì ló fi ọkọ̀ ara rẹ̀ gbé e lọ sí ọsibítù, Jàmíátù ìyá rẹ̀ ń sunkún lẹ́yìn ọkọ̀, Àlájà sì gbé ọmọ lé itan. Wọ́n lo ọjọ́ mẹ́ta níbẹ̀ kí ọmọ tó là á já, tó ní kí wọ́n fún òun ní bisikíìtì.

Ní ọjọ́ tí wọ́n dé, Kọ́nẹ́ẹ̀lì wọ ẹ̀yìnkùlé Àlájà láìfọn fèrè. Ó jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ àmù, nínú ṣòkòtò kákí rẹ̀ tó ti gbó. Àlájà rò pé ó wá fọ́ ọ ni. Ó dúró dè é, kò gbé àpótí, kò mú tẹ̀súbáà.

Kọ́nẹ́ẹ̀lì ní, "Ẹ̀gbọ́n mi, ṣé ẹ rántí Ìrètí?"

Àlájà ní, "Èmi ni mo pọ̀n ọ́n lọ sí ọsibítù. Báwo ni mo ṣe máa gbàgbé?"

Ìrètí ni àkọ́bí Kọ́nẹ́ẹ̀lì. Ọ̀pọ̀ nínú wa kò mọ̀ pé ó bí ọmọ kan ṣáájú Olúwafọlákẹ́mi tó wà ní Ìbàdàn. Ọ̀dọ̀ ìyá Kọ́nẹ́ẹ̀lì ni ọmọ náà wà, nínú ilé tó dojú kọ ti Àlájà yìí, nígbà tí bàbá rẹ̀ wà lójú iṣẹ́ lọ́nà jíjìn. Ibà ló pa á kó tó pé ọmọ ọdún mẹ́ta.

Kọ́nẹ́ẹ̀lì ní, "Ọjọ́ Sunday ni. Ọjọ́ Sunday la máa ń pín oògùn ibà. Ẹgbẹ̀rún ọmọ ogun ló tò síwájú mi láàárọ̀ ọjọ́ náà, mo sì rí i pé gbogbo wọn gbé e mì. Ọmọ tèmi nìkan ni mi ò fún."

Àlájà sún kúrò lẹ́gbẹ̀ẹ́ àmù. Ó ní, "Fọ́ àmù náà, Rẹ̀mí."

Kọ́nẹ́ẹ̀lì mi orí. Ó ní omi inú àmù yìí ni wọ́n fi sọ òun lórúkọ, omi náà ni wọ́n fi sọ Ìrètí, òun kò lè gbé ọwọ́ lé e. Ó dìde, ó gbọn erùpẹ̀ kúrò nídìí ṣòkòtò, ó bọ́ sí òdìkejì ọ̀nà. Kò pẹ́ tó fi padà dé pẹ̀lú ohun tí ẹnikẹ́ni kò rí irú rẹ̀ rí. Ó ti gé ojú ibì kan nínú nẹ́ẹ̀tì orí ibùsùn tirẹ̀, ó rán an ní fìlà fún àmù, òwú tí wọ́n fi ń rán ikùn aláìsàn ló fi rán an. Rọ́bà tó máa fún fìlà náà mọ́ ọrùn àmù, inú ìdí ṣòkòtò kákí rẹ̀ ló ti fà á yọ. Láti ọjọ́ náà, ọwọ́ kan ni Kọ́nẹ́ẹ̀lì fi ń ṣe àyẹ̀wò ní Sátidé, èkejì ń di ṣòkòtò mú.

Ọdún tó tẹ̀ lé e ni pátákó ya gbogbo wa lẹ́nu. Ó kọjá ọgọ́rùn-ún. Ó kọjá àádọ́jọ, kò sì sí ẹni tó gbé ibà lọ sí Òkè-Ìlá. Ó wọ igba, ó di igba ó lé mẹ́sàn-án. Oṣù kan àbọ̀ péré ló kù kí ọyẹ́ dé. Àwọn èèyàn tí kì í gbé òpópónà wa wá ń dúró wò ó.

Ní Sátidé kan, fèrè kò dún. Àlájà retí, retí, kò gbọ́ nǹkan kan, ló bá sọdá. Ó bá Kọ́nẹ́ẹ̀lì lójú oòrùn ọ̀sán gangan lórí àga, ó wọ súwẹ́tà méjì, ó fi bùláńkẹ́ẹ̀tì bora, eyín rẹ̀ ń lu ara wọn. Ike àyẹ̀wò mẹ́ta ló wà lórí tábìlì níwájú rẹ̀. Ó ní àárẹ̀ lásán ni. Àlájà gbé ike kan, ó wò ó, ó ní ìwọ lo kọ́ wa pé ìlà méjì ni ibà. Kọ́nẹ́ẹ̀lì ní ike náà ti bàjẹ́ ni. Àlájà gbé èkejì, ó gbé ẹ̀kẹta, ìlà méjì méjì. Ihò tó gé fún fìlà àmù ni ẹ̀fọn gbà wọlé. Ó ti ń sọ láti ọdún tó kọjá pé òun máa dí i lọ́la. Kò sì lè gba nẹ́ẹ̀tì òmíràn, nítorí ẹyọ kan ni àṣẹ òun fúnra rẹ̀ sọ.

Àlájà bu omi fún un kó fi lo oògùn. Ó wo ìta, kò rí ẹnikẹ́ni. Ó ní, "Èmi nìkan ló mọ̀. Mi ò sì rí nǹkan kan."

Kọ́nẹ́ẹ̀lì gbé oògùn náà mì. Ó di ojú, ó pẹ́ kó tó là á. Igba ó lé mẹ́sàn-án kì í ṣe nǹkan kékeré fún ẹni tó ti dúró dè é ní ogójì ọdún. Lẹ́yìn náà ó ní kí ẹ̀gbọ́n òun ran òun lọ́wọ́ kí òun dìde. Àlájà rò pé ilé ìyàgbẹ́ ló fẹ́ lọ. Iwájú ilé ló gbà, pẹ̀lú bùláńkẹ́ẹ̀tì lọ́rùn. Ó fi etí bùláńkẹ́ẹ̀tì náà nu pátákó, ó kọ òdo. Abẹ́ rẹ̀ ló kọ ọ́ sí pé: "Ọ̀daràn: Kọ́nẹ́ẹ̀lì R. Ọláwuyì."

Ìlá rẹ́rìn-ín fún ọ̀sẹ̀ méjì. Bí aago mẹ́rin ṣe lù ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ náà gan-an ni Àlàbí ti ọmọlanke dé ẹnu ilẹ̀kùn, ó gbé páńpù sínú rẹ̀. Ó ní àṣẹ ni wọ́n fi rán òun, kí Kọ́nẹ́ẹ̀lì máa bọ̀ ní àtìmọ́lé, òun á sì rí i pé atẹ́gùn tó wọn. Kọ́nẹ́ẹ̀lì tó ń gbọ̀n jìnnìjìnnì na ọwọ́ méjèèjì kí wọ́n dè é, ó sì rẹ́rìn-ín fúngbà àkọ́kọ́ tí a rí i tó rẹ́rìn-ín lórí ọ̀rọ̀ ẹ̀fọn.

Ó bẹ̀rẹ̀ lákọ̀tun. Olúwafọlákẹ́mi fi nẹ́ẹ̀tì tuntun ránṣẹ́ láti Ìbàdàn, ó purọ́ fún un pé aṣọ fèrèsé ni kó tó gbà á. Ní oṣù kẹsàn-án ọdún tó kọjá, nínú nẹ́ẹ̀tì náà, lójú oorun, ọkàn rẹ̀ dá iṣẹ́ sílẹ̀. Ẹni àádọ́rin ọdún ni. Kì í ṣe ibà, àwọn dókítà sọ bẹ́ẹ̀, Àlájà náà sì ní kí wọ́n gún un níka kí ó dá òun lójú. Ìlà kan ló yọ. Ọjọ́ mẹ́tàlélọ́gọ́sàn-án ló wà lójú pátákó.

Àwọn ológun wá láti bárékè, wọ́n yin ìbọn sókè fún un. Lẹ́yìn ìsìnkú, Olúwafọlákẹ́mi fẹ́ ti ilé pa, ó ní kí Àlàbí bá òun tú pátákó sílẹ̀ kí oòrùn má bàa bà á jẹ́. Àlàbí ti gun àkàsọ̀ kí Àlájà tó dé ibẹ̀.

Àlájà ní, "Sọ̀ kalẹ̀. Òjò ò tíì tán."

Ó gba ṣọ́ọ̀kì lọ́wọ́ Olúwafọlákẹ́mi. Ilé kéú nìkan ni Àlájà lọ, nọ́ńbà Lárúbáwá nìkan ló mọ̀ ọ́n kọ, òun ló sì ń kọ síbẹ̀ láàárọ̀ láàárọ̀ láti ọjọ́ náà. Àlàbí ráhùn pé kò sí ẹni tó lè kà á ní òpópónà. Àlájà dá a lóhùn pé ẹni tí òun ń kọ ọ́ fún mọ̀ ọ́n. Àlàbí mú fèrè. Ní Sátidé, àwa náà tún dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ agolo wa ní atẹ́nṣọ̀n, a kò sì bi ẹnikẹ́ni léèrè ìdí rẹ̀.

Ọyẹ́ fẹ́ ní ìparí oṣù kọkànlá. Láàárọ̀ ọjọ́ náà, ètè gbogbo wa ti gbẹ, Àlájà sọdá, ó kọ nọ́ńbà rẹ̀, ó wá pè é sókè fún àwa tí kò mọ̀ ọ́n kà: igba ó lé mẹ́rìndínlọ́gọ́ta. Òjò odidi ọdún kan ti kọjá. A kàn dúró síbẹ̀, a ń wo pátákó, olúkúlùkù ń ronú pé ìbá ṣe pé ó rí i.

Ní oṣù kejìlá, Jàmíátù bí ọkùnrin. Ní ọjọ́ kẹjọ, Áfáà ṣe àdúà tirẹ̀, ó pe ọmọ náà ní Àsíìsì. Nígbà tó kan àwọn àgbà, Àlájà lọ sí ẹ̀yìnkùlé, ó ká fìlà kúrò lórí àmù, ó bu omi àkọ́rọ̀ sínú igbá, ó gbé e wá. Ó kì ọwọ́ bọ abẹ́ ìborùn rẹ̀, ó yọ ìpọnbẹ̀ tánganran funfun jáde. Ó bu omi náà, ó gbé e sí oòrùn, ó wò ó pẹ́pẹ́pẹ́. Gbogbo ilé na ọrùn, títí kan Kàdíjátù.

Ó ní, "Kò sí ẹnìkankan níbẹ̀."

Ó na igbá sókè. "Omi rèé o. Omi kò lọ́tàá."

Kò sí ẹni tó ṣe àmín. Láìjẹ́ pé a bá ara wa sọ ọ́, gbogbo wa ti yí ojú sí àga tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ògiri. Àlájà náà dúró díẹ̀, bí ẹni ń fún èèyàn láyè kó fèsì. Nígbà tí kò gbọ́ nǹkan kan, ó ti ìka bọ omi náà, ó fi kan ọmọ ní ètè. Ó sọ fún un pé orúkọ tirẹ̀ tí òun fi kún ti Áfáà ni Rẹ̀mílẹ́kún.

Ó ní, "Rẹ̀mílẹ́kún, ilé ti mọ́. Máa wọlé bọ̀."